Màmá Oníkáàdì ti Òpópónà Kejìlélógún: Ìgbésí Ayé Olóògbé Juliana Adéníkẹ́ Ọlábọ̀dé (1938–2009)

Ìlaròó ni orísun. Ní agboolé Bádrù, tí ògiri rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri mọ́ṣáláṣí àtijọ́, ni a bí ìyá wa sí ní oṣù kẹta ọdún 1938, ní àsìkò tí òjò àkọ́rọ̀ ń pa eruku. Alhaji Bádrù, oníṣòwò iyọ̀ àti epo òyìnbó, ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ. Ìyá wọn ni Ẹ̀bùnlọlá, aláró tí ọwọ́ rẹ̀ kò fìgbà kan bọ́ lọ́wọ́ dúdú títí ó fi wọ káà ilẹ̀. Adéníkẹ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Àbúrò kan ṣoṣo tó tẹ̀lé Màmá tó sì dàgbà ni Mikail, tí gbogbo ẹ̀yin tó ń ra mílíìkì àti ṣúgà ní Mile 2 mọ̀ dáadáa. Wọ́n wà níbí lónìí. Ẹ má tíì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ káàdì, àfi bí ẹ bá ka ìwé yìí tán.

Àwọn àgbà agboolé sọ pé láti kékeré ni ọmọ náà ti fẹ́ràn ìtàn. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, ìtàn tí yóò sọ nípa ọ̀nà á gùn ju ọ̀nà fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1945, Alhaji Bádrù ṣe ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn kò ṣe: wọ́n fa ọmọbìnrin wọn lọ́wọ́, ó di ilé-ìwé ìjọ. Àwọn ọ̀rẹ́ bi wọ́n pé ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó mọ̀wé. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ̀wé ni.

Ní ọdún 1955, Màmá wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba Jésù, tí wọ́n sì ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú orúkọ Juliana. Ẹ̀rù bà wọ́n láti sọ ọ́ nílé. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, Alhaji Bádrù ní, “Orúkọ tí mo sọ ọ́ ò tíì gbó. Jẹ́ kí tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.” Láti ọjọ́ yẹn ni ilé wa ti di ilé tí Iléyá àti Kérésìmesì ti ń jẹun nínú abọ́ kan náà.

Níbẹ̀ náà ni Mìísì Beatrice wà, olùkọ́ ìtàn ayé àtijọ́. Bí òjò bá ṣú tí ojú pátákó kò hàn mọ́, Mìísì á pa ìwé dé, á sún àga mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn àwọn ará Gíríìsì ìgbàanì àti àwọn òrìṣà tí wọ́n ń bọ. Màmá máa ń sọ fún wa pé nígbà tí àwọn kọ́kọ́ gbọ́ bí ìyàwó Súúsì, ọba àwọn òrìṣà náà, ṣe ń bá ọkọ rẹ̀ jà nítorí obìnrin, àwọn rò pé ará àdúgbò àwọn ni Mìísì ń rò lẹ́jọ́. Màmá kò bọ òrìṣà kankan rí láyé wọn. Ìtàn ni wọ́n fẹ́ràn, wọ́n sì gbà pé bí ẹni tó sọ ìtàn bá ti kú, àwọn tó gbọ́ ọ ló kàn láti sọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún 1962, Màmá ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Olóògbé Ezra Ọlábọ̀dé, akọ̀wé ní èbúté Àpápá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Wọ́n tẹ káàdì ìpè fún ìgbéyàwó náà, tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà. Ẹyọ kan ló kù nínú rẹ̀ nígbà tó yá, Bàbá sì tọ́jú rẹ̀ sínú álíbọ́ọ̀mù bí ẹni tọ́jú ẹyin. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn: Enoch, Láídé, àti Débọ́lá.

Nígbà tí àwọn àlejò ayẹyẹ àṣà ọdún 1977 ti kó kúrò ní Festac, tí ìjọba sì ní kí àwọn aráàlú wá mú nọ́ńbà fún ilé, Bàbá mú nọ́ńbà, ilé sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní Òpópónà Kejìlélógún. Ọdún 1978 ni a kó débẹ̀. Omi ń yọ nínú ẹ̀rọ nígbà yẹn, ẹ̀yin aládùúgbò wa tó ti pẹ́ á rántí.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni Màmá ṣe títí di ọdún 1996 tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ìṣirò ni wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Amuwo-Odofin. Wọn kì í gbà kí ọmọ kankan sọ pé òun kò mọ ìyọkúrò. Wọ́n á ní ọmọ Yorùbá tó bá ti pe mẹ́tàdínlógún, ó ti yọ ẹ̀ta kúrò nínú ogún kó tó panu dé, nítorí náà kí ló ń sunkún fún? Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ti di dókítà, àwọn kan ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Trade Fair, gbogbo wọn ló sì ń ṣírò láìfi ìka ka nǹkan.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá kì í pẹ́ dé ìsìn, wọn kì í sì í tètè kúrò. Wọ́n kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin obìnrin títí ohùn wọn fi di ohùn ọkùnrin, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún wọn. Nínú ẹgbẹ́ àwọn onílé òpópónà wa, àwọn ni alága ìmọ́tótó. Ẹni tó bá da ìdọ̀tí sí gọ́tà wọn, kí ó ti mọ̀ pé òun yóò gbọ́ ìtàn.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọdún 1999. Ilé wá dákẹ́. Màmá kò sunkún pẹ́ níṣojú wa, ṣùgbọ́n a rí i pé wọ́n ń tan rédíò sílẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ nítorí kí ohùn èèyàn ṣáà lè wà nínú ilé.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ káàdì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọlidé ọdún 2001, tírànsífọ́mà àdúgbò wa jóná. Àwọn ọmọ Enoch méjèèjì, ìyẹn Beatrice àti Ezra kékeré, wà lọ́dọ̀ Màmá, Hidaayah ọmọ Mikail náà sì wà níbẹ̀. Kò sí tẹlifíṣọ̀n, ìjà ló kù. Màmá wọ yàrá, wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan jáde. Káàdì ìpè ìgbéyàwó ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀yin ará Èkó mọ̀ ọ́n: ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ẹnì kan má fi káàdì pe èèyàn síbi ìgbéyàwó, káàdì náà á nípọn, á rẹwà, kò ní ṣe é jù nù, kò sì wúlò fún nǹkan kan mọ́. Màmá ti ń kó tiwọn jọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n fi bíléèdì gé wọn bákan náà, wọ́n sì fi bírò aláwọ̀ pupa kọ̀wé sí ojú tó mọ́ níbẹ̀. Kí ó tó di alẹ́, ayò kan ti dé ilé wa tí kò sí nílé ẹlòmíràn.

Fún ẹ̀yin tí kò tíì jókòó síbẹ̀ rí, bí a ṣe ń ta á rèé. A ó ṣí nọ́ńbà kan sí àárín tábìlì. Olúkúlùkù ní káàdì lọ́wọ́, ẹnì kan láti inú ìtàn Gíríìsì sì wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tó tọ́ sí i. Hákúlíìsì, alágbára tí wọ́n fi iṣẹ́ méjìlá dán wò, méjìlá ni tirẹ̀. Ajá olórí mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé àwọn òkú, mẹ́ta ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n torí pé ìkà ni, ṣe ni à ń yọ ọ́. Ẹni rere, a fi kún. Ẹni burúkú, a yọ kúrò. Ẹni tí àròpọ̀ tirẹ̀ bá kọ́kọ́ bá nọ́ńbà àárín tábìlì mu gẹ́lẹ́ ló kó gbogbo rẹ̀. Òfin kan wà tí Màmá kì í fi ṣeré: kí o tó fi káàdì lélẹ̀, o gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹni náà ṣe nínú ìtàn. Bí o kò bá lè sọ ọ́, káàdì rẹ di òfo, bó ti wù kí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi tó. Màmá kì í fi ọmọdé ṣe ọmọdé lórí òfin yìí. Ezra kékeré ti sunkún lórí tábìlì yẹn, kò sì rí ẹni bá a bẹ̀bẹ̀.

Káàdì kan ṣoṣo ni a lè fi kún, tí a sì tún lè yọ. Pẹsẹ́fọ́nì ni, ọmọ Dìmítà. Nínú ìtàn náà, Dìmítà ni ìyá tó ń mú kí irúgbìn hù. Hédíìsì, ọba àwọn òkú, jí ọmọ rẹ̀ gbé lọ fi ṣaya. Ìyá gbé iná lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ń wá ọmọ kiri ayé, kò jẹ, kò mu. Nígbà tí wọ́n máa fi rí ọmọ náà gbà, ó ti jẹ èso nílé ọkọ, ẹni tó bá sì jẹun níbẹ̀ kò lè kúrò pátápátá. Wọ́n wá pín ọdún sí méjì: oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ọkọ, oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ìyá. Ìdí nìyẹn tí Dìmítà fi jẹ́ mẹ́sàn-án, tí Pẹsẹ́fọ́nì fi jẹ́ mẹ́fà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìtàn yìí sọ́kàn.

Lóòótọ́, olùkọ́ ìṣirò ni Màmá, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àṣìṣe kan tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní ṣe. Ẹ̀yìn káàdì wọ̀nyí kò bára mu. Ọ̀kan jẹ́ ìgbéyàwó àwọn ará Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, òmíràn jẹ́ ti ọmọ alága ẹgbẹ́ wa, òmíràn ní òdòdó aláwọ̀ ewé. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé Hákúlíìsì ló wà lẹ́yìn òdòdó, ó ti mọ ohun tí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ mú dání. Mikail ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n sì pa á mọ́ra. Odidi oṣù kan ni àwọn nìkan fi ń jẹ, wọ́n á máa fi irùngbọ̀n ṣeré, wọ́n á máa ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, orí ló ń ṣiṣẹ́ o, kì í ṣe ìwé.” Ọjọ́ tí Hidaayah tú bàbá rẹ̀ fó, Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ lẹ ẹ̀yìn gbogbo káàdì náà, wọ́n sì ní kí Mikail máa jókòó síbi tí wọ́n á ti máa rí ojú wọn.

Ayò náà sọ ilé di ilé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ìrẹsì á jinná, tábìlì á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Mikail á kírun tán nígun ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, àwọn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé á bọ́ gèlè, ó di ká jókòó. Rédíò dákẹ́. Àwọn aládùúgbò sọ Màmá ní Màmá Oníkáàdì, orúkọ náà sì tẹ́ wọn lọ́rùn ju orúkọ oyè èyíkéyìí lọ.

Láídé wà lára àwọn tó ń jókòó níbẹ̀, òun gan-an ló sì mọ̀ ọ́n ta jù. Ó ti ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kejìlá ọdún 2000, ilé ọkọ rẹ̀ kò sì jìnnà, ní Satellite Town. Ó ń retí ọmọ, ọmọ kò tètè dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró síbi tó dúró sí mọ bí etí ṣe máa ń di títẹ́ sí gbogbo ọ̀rọ̀ ní àsìkò bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú àwùjọ àdúrà rẹ̀ ti ń sọ pé kó ṣọ́ra fún orúkọ òrìṣà, ìbáà jẹ́ ti ibi yòówù.

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 2004, ooru mú gan-an. Pẹsẹ́fọ́nì bọ́ sí Láídé lọ́wọ́, òógùn sì mú kí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí. Ó yí i padà láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì rí orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. Káàdì ìgbéyàwó rẹ̀ ni.

Ó ní, “Màmá, ìyàwó ọba òkú lẹ kọ sẹ́yìn orúkọ mi?”

Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Tìẹ ló nípọn jù nínú àpò.”

Láídé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tiyín ńkọ́? Kí ló dé tẹ́ ò gé tiyín?”

Màmá kò rí èsì fún un. Láídé fi káàdì náà sínú báàgì rẹ̀, ó sì lọ sílé rẹ̀ láìjẹun.

Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi tán nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó jàre tán. Màmá kò rí ju pé káàdì náà dára, ọmọ inú ìtàn náà sì máa ń padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Lójú tiwọn, àdúrà ni. Lójú Láídé, ẹni tó ń wá ọmọ kò yẹ kó bá orúkọ rẹ̀ nílé àwọn òkú, ìyá rẹ̀ sì ti fi í rẹ́rìn-ín níṣojú gbogbo ẹbí. Ó dùn ún. Ó dun Màmá náà.

Màmá lọ bẹ̀ ẹ́ ní Satellite Town. Láídé ní, “Kò sí wàhálà, Màmá, ó ti tán.” Ṣùgbọ́n kò tán. Ó ń wá sí Festac lóòótọ́, ó ń gbé Mílò àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá fún Màmá, ó ń kúnlẹ̀ kí wọn bó ti yẹ. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Kì í jókòó, kì í mu omi. Bí a bá ní kó wọlé, á ní ọkọ̀ ń dúró de òun, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kankan kò dúró níta. Ọmọ tó ń wálé ìyá rẹ̀ tí kì í fẹnu kan oúnjẹ níbẹ̀, kí ẹ bi ìyá kankan léèrè bó ṣe rí. Lọ́jọ́ kan tí Láídé ti lọ tán, Màmá ní, “Àbí ilé Hédíìsì ni ilé mi ni, tọ́mọ mi fi ń bẹ̀rù àtijẹun níbẹ̀?” Wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ohùn wọn kò jẹ́.

Ní ọdún 2006, Ọlọ́run dáhùn, Ìkẹ́ dé. Màmá lọ wẹ ọmọ fún un, wọ́n sì ṣe gbogbo ohun tí ìyá ń ṣe, ìyá àtọmọ sì jọ jẹun níbẹ̀. A rò pé ó parí nìyẹn. Nígbà tí Láídé gbé Ìkẹ́ wá sí Festac, ẹnu ọ̀nà náà ló tún dúró sí. Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan mọ́, ìbéèrè tí kò rí èsì ṣì wà láàárín wọn.

Enoch fẹ́ ṣe Pẹsẹ́fọ́nì mìíràn, torí káàdì kò pé mọ́. Màmá kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹni tí ò kú, a kì í fẹlòmíì rọ́pò ẹ̀.” Àga Láídé wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé báàgì lé e. Ní ọdún 2008, dókítà sọ fún wa pé ọkàn Màmá ti ń rẹ̀. Màmá kò bẹ̀rù ikú, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń tọrọ nínú àdúrà òwúrọ̀ wọn, tí gbogbo ilé ń gbọ́, ni kí Láídé tún jókòó sídìí tábìlì yẹn kí ojú wọn tó pa dé.

Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún náà, gbogbo wa pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láídé dé pẹ̀lú Ìkẹ́, ó dúró síbi tó máa ń dúró sí. Màmá ní kí Débọ́lá gbé álíbọ́ọ̀mù Bàbá wá. Wọ́n yọ káàdì ìgbéyàwó ọdún 1962 jáde, èyí tí etí rẹ̀ ní wúrà. Wọ́n na ọwọ́ gba bíléèdì.

Enoch pariwo, “Màmá, èyí nìkan ló kù o!”

Mikail náà ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.”

Màmá gé e. Kò gún dáadáa. Wọ́n kọ Dìmítà sẹ́yìn rẹ̀ dípò ti tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ mẹ́sàn-án sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e síwájú àga tó ṣófo. Wọ́n wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ní, “Láídé, ọ̀rọ̀ tóo bi mí lọ́jọ́sí, mi ò rí èsì fún ẹ. Mo rẹ́rìn-ín, kò sì yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Má bínú. Tèmi nìyí, mo ti gé e. Ìyá tó gbé iná lọ́wọ́ tó ń wọ́mọ kiri ni mo kọ síbẹ̀.”

Ìkẹ́ ló ń kọrin jẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀. Láídé wọlé, ó fa àga náà, ó jókòó. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ Bíbélì kékeré jáde, ó sì mú Pẹsẹ́fọ́nì láti inú rẹ̀. Láti ọdún 2004, kò ya á, kò sì sun ún. Nọ́ńbà tó wà ní àárín tábìlì ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó gbé Dìmítà sílẹ̀, ó tún ìtàn ìyá náà sọ bí Màmá ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó mú káàdì tirẹ̀. Òfin ni òfin, ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fi í lélẹ̀.

Ó ní, “Ìtàn ni, mo mọ̀ pé ìtàn ni, Ọlọ́run mi tóbi jù ú lọ. Pẹsẹ́fọ́nì ni. Wọ́n mú un lọ jìnnà. Ó pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó padà wá bá màmá ẹ̀.”

Mikail, tí ojú wọn ti kún fún omi, ṣì béèrè pé, “Ṣé kíkún ni àbí yíyọ?”

Láídé ní, “Ẹ fi kún un, Àǹkù.” Ó wá wo Màmá, ó ní, “Ṣé ìrẹsì ṣì kù?”

Màmá tí dókítà ní kí wọ́n má dìde lójijì, àwọn gan-an ló kọ́kọ́ dé ilé ìdáná.

Oṣù méje àti díẹ̀ ni Ọlọ́run tún fi fún wa lẹ́yìn ìyẹn, oṣù tó dùn ni. Láídé jókòó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó ń jẹ wá láìṣàánú, ó sì ń jẹ ìrẹsì tán kó tó kan ẹlòmíràn. Ìkẹ́ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan lórí itan Màmá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2009, Màmá mu ògì, wọ́n jẹ àkàrà méjì, wọ́n ní ata rẹ̀ kò tó, wọ́n sì fẹ̀yìn ti àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A rò pé oorun ni. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n.

Àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni àbúrò wọn, Alhaji Mikail Bádrù. Àwọn ọmọ wọn, Enoch, Láídé àti Débọ́lá. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Beatrice tí a fi orúkọ Mìísì sọ, Ezra kékeré, àti Ìkẹ́. Hidaayah, ọmọ àbúrò tí kò yàtọ̀ sí ọmọ. Àti gbogbo ọmọ Amuwo-Odofin tó kọ́ ìyọkúrò lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹ ó ti rí i pé ìwé yìí nípọn ju bí irú rẹ̀ ṣe máa ń rí lọ, àti pé ojú ewé tó kẹ́yìn ṣófo. Kì í ṣe àṣìṣe àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Àṣẹ Màmá ni, wọ́n ti pa á kí wọ́n tó lọ: wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ìwé ìsìnkú àwọn sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní ṣe é gé. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù sí i, ẹ má sì fi fẹ́ atẹ́gùn. Ẹ gbé e délé, ẹ gé e, ẹ kọ ẹni tó bá wù yín sí i, kí ẹ sì sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó jáde nílé ìtẹ̀wé, Láídé ló gé e. Dìmítà ló kọ síbẹ̀, ó kọ mẹ́sàn-án sábẹ́ rẹ̀, ó sì dá káàdì ìgbéyàwó Màmá padà sínú álíbọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Bàbá, kí àwọn méjèèjì lè jọ sinmi.

Adéníkẹ́ ọmọ Bádrù, Juliana aya Ezra, ẹ sùn ire o. Kí ilẹ̀ tù yín lára bí ẹní tuntun, kí Olúwa tẹ́ ẹ gbàgbọ́ gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ má ṣèyọnu nípa wa mọ́, Màmá. Káàdì ti pé, gbogbo wa sì ti jókòó.